Fèrè Dúródọlá

Òmù-Èkìtì. Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Fèrè àbúrò mi wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tọ́ sí mi.

N óò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Àárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde lọ́dún 1991 ni. Dúródọlá ló ń fọn fèrè fún ìjọ wa nígbà náà, òun ló máa ń ṣíwájú wa yí ìlú ká ní ìdájí. Lọ́jọ́ náà, ó ti mu ẹmu yó. Orin Kérésìmesì ló fọn. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, nítorí pé pirinsipà ni mí, bàbá ìjọ ni mí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni mí. Mo já fèrè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Ọjọ́ tí o bá pé ọgọ́ta ọjọ́ láìfi ọtí kan ẹnu, wá gbà á."

Ó pé ọgọ́ta ọjọ́. Ó wá. Ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Mo ṣílẹ̀kùn, ó kí mi, ó fa imú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mò ń gbóòórùn lẹ́nu yín yìí?" Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó yé e, ó sì yé mi. Mo sọ fún un pé ọ̀mùtí kì í jáwọ́, ó kàn ń sinmi ni. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Láti ìgbà náà ni ó ti lọ ń gbé ní Ọ̀tùn, ibi ìsìnkú nìkan la sì ti ń rí ara wa. Kò fi ọtí kan ẹnu mọ́ títí dòní. Èmi ni n kò jáwọ́.

Fèrè tirẹ̀ ni o. Kì í ṣe ti ìjọ bí mo ṣe ń sọ fún àwọn ènìyàn. Kòkó ọdún méjì ló fi rà á.

Ohun tó mú mi ra ìwé yìí lónìí ni pé Títílọpẹ́, ọmọ mi, wá láti Oyè níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di ife tíì mú kó má baà dà sí mi lára. Mo dìde, mo lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mu àgbo mi. Ọwọ́ mi dúró wámú.

Ó ní, "Bàbá mi, ọtí ni yẹn."

Mo ní, "Àgbo ni."

Ó ní, "Kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?"

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe olùkọ́. Bí mo bá gbọ́ ìbéèrè tó dára, mo máa ń mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Mo sọ fún Beatrice ìyàwó mi pé mo fẹ́ jáwọ́ nínú àgbo. Ó gbé ọ̀bẹ tó fi ń rẹ́ ilá sílẹ̀.

"Nínú èwo nínú wọn, Bàbá Títí? Ti àárọ̀, ti ọ̀sán, àbí ti kí-oúnjẹ-lè-dà?"

N kò mọ̀ pé ó ti sọ wọ́n lórúkọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ fèrè náà fún un pẹ̀lú. Òfin tí mo ṣe fún Dúródọlá ni n óò ṣe fún ara mi: ọgọ́ta ọjọ́. Bí mo bá pé e, n óò gbé fèrè náà lọ bá a ní Ọ̀tùn fúnra mi. Ó ní kí ló dé tí n kò gbé e lọ lọ́la gan-an. Mo ní pẹ̀lú ẹnu wo? Ẹnu tí Dúródọlá gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì yí padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ọjọ́ kejì láìmu. Òjò láti àárọ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ wo ìkọ̀wé. Èèrà pọ̀ lára ògiri yàrá mi. Beatrice ní kò sí èèrà kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Mo ti padà sílé. Gìrì ló mú mi ní ilé ìwẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Títílọpẹ́ gbé mọ́tò wá, wọ́n gbé mi gba Ìfàkì dé ọsibítù ní Ìdó. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo lò níbẹ̀.

Dókítà tó tọ́jú mi, Adérìnsọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọdébìnrin kan ni tí bàtà ẹsẹ̀ mi dàgbà jù ú lọ. Ìgbà tí ojú mi là, ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ìgboyà mi ni."

"Ìgboyà yín ì bá pa yín. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọtí láti ọgbọ̀n ọdún kì í dá a dúró nílé fúnra rẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá bá wa, kí a fún yín ní oògùn tí ara fi ń gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́."

Mo ní, "Dókítà, àgbo ni mo ń mu, kì í ṣe ọtí."

Kò bá mi jiyàn. Ó fún mi ní bébà àti bírò, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀: *Ọtí ni mo ń mu.* Èmi tí mo ti fi irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ jẹ àwọn ọmọ ilé ìwé tí n kò lè ka iye wọn! Mo kọ ọ́. Ó gbà á, ó wò ó, ó ní ìkọ̀wé mi dára púpọ̀.

Ó fún mi ní oògùn tí n óò máa lò, ó ní kí n máa wá sí ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí níbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n sì wá ẹnì kan tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá tí n óò lè máa bá sọ̀rọ̀. "Ẹ ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí, Bàbá?"

Mo wo ojú fèrèsé títí tó fi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 19

Ìpàdé àkọ́kọ́ ní Ìdó. Àwa méje ni: awakọ̀ akẹ́rù kan, olùkọ́ kan, obìnrin kan tó ń ránṣọ, ọmọ yunifásítì kan tí hóró oògùn ìrora sọ di ẹrú, àti àwọn méjì tí kò sọ iṣẹ́ wọn. Mo rò pé n óò bá àwọn ọ̀mùtí níbẹ̀. Ìgbà tí a yí ká sọ̀rọ̀ tán, èmi ni ọ̀gá gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ajé, 23

Mo ṣe ohun tí òmùgọ̀ ń ṣe. Mo lọ dágbére fún Ìyá Peace tó ń ta àgbo ní oríta. Ó yẹ kí n kí i, mo sọ fún ara mi, ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń bá a bọ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní kí n má lọ lọ́wọ́ òfo, ó bu èyí tí a fi omi rẹ fún mi.

Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Olómi yìí kò mà le o."

Ó ní, "Pirinsipà, ẹ jẹ́ kí n fi ọlọ́tí díẹ̀ lú u fún yín."

Mo gbọ́. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, kì í ṣe ife mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Mo tẹ dókítà láago kí ìgboyà tó tún gùn mí. Ó ní kí n má dá oògùn mi dúró, kí n máa bọ̀ lọ́la, pé ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà kì í padà sílé láti tún gbéra. Beatrice ní tirẹ̀ béèrè ìdí tí n kò fi lọ dágbére fún oníbúrẹ́dì.

Mo ka kàlẹ́ńdà. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ Ẹtì 22 Oṣù Kọkànlá ni ọgọ́ta yóò pé. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Ìkórè ìjọ wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Ọjọ́ karùn-ún. Mo lọ sí Ọ̀tùn. Owó ọkọ̀ ti tún gun òkè, obìnrin tó jókòó tì mí sì gbé ìdajì ẹ̀rù rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kí n má bá a nílé.

Mo bá a. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi òkúta pa ekùrọ́. Dúródọlá ti hu ewú. Eyín iwájú rẹ̀ méjì kò sí mọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ̀gbọ́n wá sí Ọ̀tùn láìsí òkú! Ẹ wọ ulé, pirinsipà, ẹ wọ ulé."

Mo ní, "Mo wá jẹ́wọ́ ni."

"Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ìjẹ́wọ́ orí ìdúró kì í dénú."

Mo jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọtí ni, kì í ṣe àgbo. Ọtí ni lọ́jọ́ tó wá kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú aṣọ funfun. Ìtìjú ni mo fi ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe òdodo.

Ó ní, "Mo mọ̀. Imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó so kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta àti idẹ kan mọ́ okùn sọ́rùn, wọ́n ń ró woroworo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo ní, "Fèrè rẹ wà lọ́dọ̀ mi."

"Fèrè wo?"

Bóyá ó ti gbàgbé lóòótọ́, bóyá kò fẹ́ rántí ni, n kò mọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ọjọ́ náà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti ṣòfin! Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò tó yín, ẹ tún ń tọrọ ọgọ́ta ọjọ́ lé e?"

"N kò fẹ́ fi ẹnu tó ń rùn gbé e wá fún ọ."

Ó pa ekùrọ́ méjì sí i kó tó dáhùn. "Ó dáa. Èmi náà yóò máa kà á."

Mo bi í bó ṣe ṣe é nígbà náà. Ó na ọwọ́ sí òkúta iwájú rẹ̀. Ó ní bí òùngbẹ náà bá ti dé, òun a jókòó ti ekùrọ́. Àlejò tí kì í jókòó pẹ́ ni. Kí òun tó pa ọgọ́rùn-ún, ó ti ń lọ.

"Bí kò bá lọ ńkọ́?"

"Mo pa ọgọ́rùn-ún mìíràn. Lọ́dún àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n pa ekùrọ́ Ọ̀tùn tán. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ekùrọ́ fi oògùn dókítà sílẹ̀ o. Èmi ò rẹ́ni ràn mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, nínú ahéré bàbá wa, gìrì mú mi. Mo dá wà. Ìgbà tí mo jí, aláǹgbá ń wò mí."

N kò mọ̀. Ahéré náà kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé mi.

Ó di ekùrọ́ ìdajì àpò fún mi, ó sì fi òkúta kan lé e. Ó ní òkúta òun ni, kí n má sọ ọ́ nù, kí n má sì fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Kò gbàgbé fèrè kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ kẹjọ. Òmìnira Nàìjíríà. Mo pa igba ekùrọ́ ó lé méjìlá, mo sì pa àtàǹpàkò mi kan mọ́ wọn.

Ọjọ́ Ajé, 7

Dúródọlá ń pè mí ní àràárọ̀ kí n tó wẹ̀. "Mélòó lónìí?" "Mẹ́rìnlá." "Ó kù." Ó ti parí.

Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wò mí ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, bi mí bóyá owó ìfẹ̀yìntì kò wọlé mọ́ ni. Mo ní ó ń wọlé. Mo sọ ìdí tí mo fi ń pa ekùrọ́ fún un gẹ́lẹ́. Ó sún mọ́ mi, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe ìpàdé Ìdó yẹn.

Beatrice ti rí ẹni tó ń ra ekùrọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àdín. Lọ́sàn-án òní, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo inú agbọ̀n ekùrọ́. "Bàbá Títí, òùngbẹ ò gbẹ yín rárá lónìí ni? Aláàdín ń bọ̀ lọ́la o."

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n. Mo fa àpótí fèrè jáde. Idẹ rẹ̀ ti dúdú, bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gan. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bánkọ́lé ní Ìkọ̀lé, tó ń tún fèrè àti ìlù àwọn ilé ìwé ṣe. Ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Bàbá, ẹnu rẹ̀ dà?"

Lóòótọ́, kò sí ibi tí a ń fi ètè sí. Mo ti rò látẹ̀yìn wá pé ó já bọ́ lójú títì lọ́jọ́ tí mo já fèrè náà gbà. Bánkọ́lé wá nínú gbogbo agolo rẹ̀, kò rí èyí tó wọ̀ ọ́. Ó ní yóò fọ ìyókù, ṣùgbọ́n fèrè tí kò lẹ́nu, ife omi ló jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ kọkàndínlógójì. Mo sùn láti alẹ́ di àárọ̀. Mo fi ọwọ́ kan mu tíì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìtàjí. Wọ́n to ìgò síwájú mi kí n tó jókòó dáadáa. Ẹnì kan ṣí ọ̀kan, òórùn rẹ̀ wá kí mi bí ẹni tó mọ orúkọ bàbá mi. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo pe Dúródọlá.

"Mo wà ní Ìtàjí. Ó ti dé o."

"Òkúta dà?"

"Ta ni yóò gbé òkúta lọ síbi òkú, Dúródọlá?"

"Ẹ dúró." Mo gbọ́ tó fa àpótí ìjókòó. "Èmi yóò máa pa á, kí ẹ̀yin máa kà á. Ẹ sọ ọ́ sókè."

Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró lẹ́yìn ilé olókùú, mo gbé fóònù sétí, mò ń kà: "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta." Àwọn tó ń gúnyán dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò mí. Mo kà á dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kí òùngbẹ náà tó lọ. Mo padà sínú àgọ́, mo jẹ iyán, mo mu omi.

Ọjọ́ karùndínláàádọ́ta ó lé méjì ni mo fẹ́ kọ, mo sì rántí pé mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ń jẹ́. Orí mi ṣì ń padà bọ̀ sípò.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Ọjọ́ karùndínlọ́gọ́ta. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àlùfáà nígbà ìfilọ̀. Mo dìde, mo sọ fún ìjọ pé fèrè tí mo gbà lọ́wọ́ Dúródọlá ní 1991 kì í ṣe ti ìjọ, tirẹ̀ ni. Mo sọ pé lọ́jọ́ tí mo bá a wí nítorí ẹmu, èmi náà ti ń mu tèmi nínú ìgò àgbo. Mo ti kọ ojú ìwé méjì sílẹ̀. N kò tíì dé ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ tí Màmá Fẹ̀yìntọlá, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún, fi pariwo láti ẹ̀yìn:

"A mọ̀ látijọ́! Ẹ ṣáà gbé e fún un!"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Ọjọ́ ọgọ́ta.

Ọyẹ́ ti dé. Mo wọ aṣọ funfun, Beatrice ló lọ̀ ọ́. Ó di mọ́ínmọ́ín fún mi, ó ní kí n jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà kí n má baà dé ilé onílé pẹ̀lú ebi. Mo gbé àpótí fèrè lé itan láti Òmù dé Ọ̀tùn, òkúta Dúródọlá wà lórí rẹ̀.

Ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kàn án. Kò dáhùn. Mo tún kàn án. Ó ṣí i díẹ̀, ó fi imú nìkan yọ jáde.

"Ẹ ya ẹnu."

Mo ya ẹnu. Ó fa imú títí.

"Mọ́ínmọ́ín."

"Ẹlẹ́ja ni."

"Ẹ wọlé."

Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí n óò sọ sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó jáde. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí náà fún un. Mo ní, "Tìrẹ ni. Mo jẹ ọ́ níyà. Jọ̀wọ́." Ó gbà á, ó ṣí i. Bánkọ́lé ti fọ̀ ọ́ tó ń dán. Ó tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀.

Mo ní, "Ẹnu rẹ̀ ni n kò rí. Mo wá a dé Ìkọ̀lé."

Dúródọlá bọ́ okùn ọrùn rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan, ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta. Ó mú idẹ tó kù, ó fi aṣọ nù ún, ó tì í bọ orí fèrè. Ó wọ̀ ọ́ ṣinṣin.

"Lọ́jọ́ tí ẹ já a, èyí kù sí mi lọ́wọ́."

"Gbogbo ọdún yìí? Kí ló dé tí o kò jù ú nù?"

"Ẹ ṣáà ní kí n wá gbà á."

Ó gbé fèrè sẹ́nu. Ibi tí eyín kò sí ni afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ gbà, ó dún bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀, ewúrẹ́ kan nínú ọgbà sì dá a lóhùn. A rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ó pọ́n ètè, ó tún gbé e, ó di ojú. Ó fọn ọ̀kan, ó fọn èkejì, orin sì wọlé.

Orin Kérésìmesì ni. Èyí tó fọn lọ́jọ́ Àjíǹde náà gan-an. Ó fi ojú kan wò mí bó ṣe ń fọn ún, ó ń dúró de ohun tí n óò ṣe.

Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo sì bá a kọ ọ́ dópin.